Opó Tí Ìyàwó Rẹ̀ Wà Láàyè

Paris, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, 1958

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú iṣẹ́ ẹrẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àsìkò yìí gan-an lẹ máa ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú oko iyọ̀. Ṣé orúnkún ọ̀tún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Ṣé Ìyá Bertille aládùúgbò wa ṣì ń bá yín fọ aṣọ? Ẹ bá mi kí i, ẹ ní mo rí ìbọ̀sẹ̀ tó hun gbà. Ó tóbi, àmọ́ ó móoru.

Nínú lẹ́tà Kérésìmesì, ẹ bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń kọ ọ́ sí yín pé mò ń lẹ fíìmù, ẹ sì ń sọ fún gbogbo Kerlavin pé ìwé ògiri ni mò ń lẹ̀ sílé àwọn olówó. Bó ṣe rí rèé. Tí wọ́n bá ti ya fíìmù tán, àwa obìnrin mẹ́rin kan á jókòó sínú yàrá, a ó máa gé e, a ó máa lẹ èyí tó dára mọ́ èyí tó dára, títí yóò fi di ìtàn tó ṣeé wò. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá kan tó ń darí fíìmù gbọ́ bí mo ṣe ń sín Le Pennec, tí oko rẹ̀ bá tiyín pààlà, jẹ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, bó ṣe máa ń bú kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ tí á tún máa bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ inú fíìmù òun ń sọ̀rọ̀ bí adájọ́, ó ní ṣé mo lè bá òun tún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Ó ti wá fẹ́ gbà mí síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ ìtàn fíìmù. Èmi, ọmọ oníyọ̀.

Ìwé ẹbí ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè fún àkọsílẹ̀ wọn. Mo kọ̀wé sí ìlú orí òkè tí ilé ìwòsàn oníkọ́ ife wà, níbi tí Màmá kú sí, pé kí wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀. Wọ́n fèsì pé kò sí Félicie Macé nínú ìwé àwọn òkú wọn lọ́dún 1946, kò sí lọ́dún tó ṣáájú, kò sì sí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ní láti jẹ́ pé ìlú mìíràn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ìlú náà sí mi kíá.

Ọmọ yín,
Armelle


Kerlavin, Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, 1958

Armelle ọmọ mi,

O kú ọdún, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ sí i. Òjò kò jẹ́ ká rímú mí lọ́dún yìí. Bèbè àwọn kòtò iyọ̀ mẹ́ta tó wà lápá òkun ti ya, èmi àti Le Pennec la jọ dí wọn. Bertille kí ọ. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn obìnrin tó wà nídìí sinimá kì í ráyè lọ sí mísà, wọn kì í sì í pẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan. Mo ní ọmọ tèmi kọ́. Má jẹ́ kí n tijú.

Ní ti ìwé yẹn, àwọn akọ̀wé máa ń ṣi nǹkan kọ, pàápàá lásìkò tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ti kú, ó ti tó. Ta ló ń fi ikú ìyá ẹni parọ́?

Bàbá rẹ,
Donatien


Paris, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin, 1958

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún o. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ti wo ìwé náà. Wọn kò ṣi nǹkan kọ.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ẹ gbé báàgì, tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin, tí ẹ sì padà wálé lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú aṣọ dúdú lápá. Ẹ ní àwọn dókítà ti sin ín nítorí àrùn náà. Mi ò bi yín léèrè ohunkóhun nígbà yẹn, torí mo rí i pé ẹ ṣì ń gé búrẹ́dì fún èèyàn mẹ́ta. Mo ti wá ń béèrè báyìí. Níbo lẹ sin Màmá sí?

Armelle


Kerlavin, ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún, 1958

Armelle,

O kú iṣẹ́. Jókòó kó o tó ka èyí.

Félicie ò kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1945, lẹ́yìn táwọn ará Jámánì kúrò nílẹ̀ wa, ọkùnrin kan wá sí abúlé wa, Anselme lorúkọ rẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sùn sínú abà Bertille. Gbogbo ẹ̀rọ abúlé yìí ló tún ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan. Tilé wa, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún un ṣe, mi ò sì fura. Ọkàn mi wà lórí iyọ̀, nítorí iyọ̀ pọ̀ lọ́dún yẹn. Ó di ọjọ́ Sátidé kan, ìyá rẹ ní òun ń lọ sọ́jà Guérande. Ìwé tó fi sílẹ̀ lórí tábìlì kò ju ìlà méjì lọ. Ó ní òun ò lè kú sínú ẹrẹ̀.

Mo sọ fáwọn èèyàn pé ikọ́ ló ń ṣe é, pé mo ti gbé e lọ sílé ìwòsàn orí òkè. Mo rò ó pé ìbínú obìnrin kì í ju oṣù mẹ́ta lọ, pé á ti dé kí irọ́ náà tó gbó. Kò dé. Àwọn èèyàn ń béèrè lójoojúmọ́ pé ara rẹ̀ ńkọ́, ìwọ náà sì ń béèrè. Bó ṣe di oṣù Kejì ọdún 1946, mo gbé báàgì, mo dé Nantes, mo sun ọjọ́ méjì nílé àlejò tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀, mo ra aṣọ dúdú, mo padà wálé. Mo fi ẹnu pa á kí n má baà máa dúró dè é lójú ọ̀nà.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo oṣù Kejì ni Fadá Guihéneuf ń ṣe mísà fún ẹ̀mí rẹ̀. Iwájú ni mo máa ń kúnlẹ̀ sí. Àwọn èèyàn gbé oúnjẹ wá bá mi kẹ́dùn, mo sì jẹ ẹ́. Ìwọ nìkan ni mo sọ èyí fún láyé yìí. Jó lẹ́tà yìí tó o bá ti kà á tán.

Bàbá rẹ,
Donatien


Paris, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún, 1958

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrójú. Ẹ kú àmúmọ́ra. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sunkún, lẹ́yìn náà mo jó o nínú sítóòfù bí ẹ ṣe wí. Mi ò bínú sí yín. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbé ẹrù yìí láti ọjọ́ yìí wá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, mi ò sì ní bi yín léèrè mọ́. Ṣé Màmá ò kọ̀wé sí mi rárá?

Armelle yín


Kerlavin, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, 1958

Armelle,

Oòrùn ti ń mú, omi ti ń gbẹ, iyọ̀ á tètè yọ lọ́dún yìí. Ní ti ìbéèrè rẹ: kò kọ̀wé.

Donatien


Paris, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, 1961

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé lẹ́tà mi ti ń jìnnà síra. Ẹ mọ̀ pé ìwé ìtàn márùn-ún ni mo ti kọ fáwọn ọkùnrin tó ń darí fíìmù, tí orúkọ mi á wá yọ lójú ògiri sinimá ní ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń wọ kóòtù wọn. Ó ti yí padà. Èmi fúnra mi ni mo darí ti ìgbà yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń yà á, ẹni tó ń gbé kámẹ́rà ní kí n bá òun gbé kọfí wá. Mo gbé e wá fún un, mo wá ní, "Ó yá, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀, èmi ni ọ̀gá." Látọjọ́ náà, òun ló ń gbé kọfí wá fún mi.

Aṣọ Dúdú ni mo pè é. Ó ti gba ẹ̀bùn kan níbí, àwọn oníwèé ìròyìn sì ń wá mi kiri. Wọ́n máa gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìjọ ní Guérande lọ́jọ́ kẹfà àti ọjọ́ keje oṣù Kìíní. Bàbá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kẹ́ ẹ tó lọ. Ìtàn oníbúrẹ́dì kan ni, tí ìyàwó rẹ̀ lọ, tó wá sọ fún ìlú pé ó ti kú. Ìlú orí òkè ni mo fi sí. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀, kò sí òkun, oníbúrẹ́dì náà sanra, ó sì ní irun lórí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé ọkùnrin náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Ọmọ yín tó ń retí ìdùnnú yín,
Armelle


Kerlavin, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní, 1962

Armelle Macé,

Mo wọ kóòtù ọjọ́ Àìkú mi. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí, Bertille lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Gbogbo Kerlavin ló wá, nítorí èmi fúnra mi ni mo lọ láti ojúlé dé ojúlé pé ọmọ mi ṣe fíìmù.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí oníbúrẹ́dì rẹ ti ra aṣọ dúdú nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, mo ní bóyá ó kàn bọ́ síra ni. Nígbà tó wá ní, "Mo fi ẹnu pa á kí n má baà máa dúró dè é lójú ọ̀nà," Bertille yí ojú wò mí. Kò wo ojú ògiri mọ́ títí wọ́n fi tan iná. Ó ti fọ aṣọ dúdú mi fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ní ọjọ́ kejì, Le Pennec pàdé mi lórí bèbè oko, ó ṣí fìlà, ó ní, "Donatien, ẹ kú ewu àjíǹde ìyàwó." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń bojú rẹ́rìn-ín. Fadá wá sílé mi lẹ́yìn mísà. Kò bú mi. Ó jókòó, ó ní, "Donatien, mísà mẹ́rìndínlógún ni mo ṣe. Ta ni mo ń ṣe é fún?" 

O ní o ti jó lẹ́tà mi. Lẹ́tà tó ti jóná kì í sọ̀rọ̀ lójú ògiri. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ọ sọ bí ẹni ń jẹ́wọ́ lo gbé fún òṣèré pé kó há sórí, o wá ní kí àwọn ará ìta sanwó wọlé wá gbọ́ ọ. Ó dára, ó dùn ún wò. Obìnrin kan lẹ́yìn mi sunkún. Má kọ̀wé sí mi mọ́.

Donatien Macé


Paris, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìíní, 1962

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo wólẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò jó o. Mo gbé e dé ẹnu sítóòfù, mi ò lè jó o. Kò sí ẹni tó tíì kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Mo ní kí n tọ́jú rẹ̀ nítorí yín. Ìgbà tó yá, mo ní kí n kàn fi kọ ojú ewé kan. Bí olè ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣé kí n wá? Ẹ kàn kọ ọ́ pé "wá". Ọ̀rọ̀ kan péré.

Armelle


Paris, ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, 1963

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Kérésìmesì. Lẹ́tà kẹsàn-án rèé tí ẹ ò fèsì. Ìyá Bertille kọ káàdì sí mi pé ara yín le, pé ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí mísà, pé ẹ̀yìn pátápátá lẹ ń jókòó sí báyìí.

Fíìmù mi kejì jáde nínú oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní sinimá, wọ́n sì yọ ọ́. Ìwé ìròyìn kan ní Macé mọ bí a ṣe ń sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, pé ó dà bíi pé òótọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. 

Mo ti fẹ́ gbàgbé bí ohùn yín ṣe rí. Nínú fíìmù, ohùn òṣèré yẹn ni mo máa ń gbọ́ dípò tiyín. Ìyà tó jẹ mí jù nìyẹn.

Armelle


Paris, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹjọ, 1966

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oòrùn, ẹ kú ìkórè iyọ̀. Mò ń lọ sí erékùṣù Corsica fún ọ̀sẹ̀ méje láti ya fíìmù mi kẹrin. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn tó kùnà, èyí ni wọ́n fi fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wúlò. Obìnrin tó ń ṣọ́ ilé wa á máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi lọ́hùn-ún. Mi ò retí pé ẹ máa kọ̀wé. Mo kàn ń sọ ibi tí mo wà fún yín, bí ọmọ ṣe máa ń sọ fún bàbá.

Armelle


Kerlavin, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsàn-án, 1966

Armelle,

O kú ọjọ́ pípẹ́. Ìyá rẹ wà nínú ilé yìí.

Lọ́jọ́ Ajé, mò ń fa iyọ̀ jọ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí obìnrin kan tó dúró sórí bèbè pẹ̀lú báàgì kan. Mo rò pé ó wá ra iyọ̀ ni. Ó ní, "Donatien, mo gbọ́ pé mo ti kú." Mo ní, "Ó ti pẹ́ tó o ti kú." Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìdí tá a fi ń rẹ́rìn-ín.

Bordeaux ló ń gbé láti ọjọ́ yìí wá. Anselme ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti wo fíìmù rẹ, ó rí orúkọ Macé lára pátákó sinimá, ó wọlé. Ọdún mẹ́rin ló fi wá ìgboyà láti wá síbí. Armelle, ara rẹ̀ ò yá. Àrùn inú ló ń ṣe é. Dókítà ní kò pẹ́ mọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ló wá wò. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé ara òun ò yá, kó má baà jẹ́ àánú ló máa gbé ọ wá. Mo sọ ọ́ fún ọ.

Fi fíìmù yẹn sílẹ̀, kó o wá. Ohun tó wà láàárín èmi àti ìwọ, a ó sọ ọ́ nígbà mìíràn.

Bàbá rẹ


Kerlavin, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá, 1966

Armelle,

Ṣé lẹ́tà mi dé ọwọ́ rẹ? Kò jẹun púpọ̀ mọ́. Bertille ń wá láràárọ̀, àwọn méjèèjì ò kọ́kọ́ bára wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti jọ ń bó ẹ̀wà báyìí. Tó bá jẹ́ pé mò ń bá ọ bínú lo fi ń bínú padà, dáwọ́ dúró ná. Wá.

Bàbá rẹ


Tẹligíráàmù, Guérande sí Paris, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá, 1966

FÉLICIE Ń LỌ. WÁ LÓNÌÍ. BÀBÁ


Paris, ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá, 1966

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Nígbà tí mo wá sílé lẹ́yìn ìsìnkú, ọjọ́ méjì la fi jókòó tí a ń sọ̀rọ̀ iyọ̀ àti òjò. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé kí ló dé tí mi ò tètè wá. Mo ní erékùṣù ni Corsica, lẹ́tà máa ń sọnù lójú omi. Ẹ mi orí, ẹ gbé ọbẹ̀ síwájú mi. Mi ò lè máa gbé irọ́ yẹn kiri.

Tẹligíráàmù yẹn nìkan ni mi ò rí gbà. Abẹ́ ilẹ̀kùn ilé mi ní Paris ló wà. Àmọ́ lẹ́tà yín àkọ́kọ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yín láti òkèèrè. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ààbọ̀ tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi, ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé èébú ló wà nínú rẹ̀, pé tí mo bá ka èébú yín, mi ò ní lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó sì jẹ́ ọjọ́ tí òṣèré wa àgbà ń bọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ parí ibi tó le. Mo tì í bọ inú àpótí aṣọ mi. Nígbà tí ìkejì dé, mo tì í tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá, tá a ya ibi tó kẹ́yìn tán, tí àwọn yòókù ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí wọn. Ẹ ti sin ín ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ibi tó le tí mo ní kí n kọ́kọ́ parí yẹn, Bàbá, ìṣẹ́jú méjì ni lójú ògiri. Obìnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. A yà á nígbà mọ́kàndínlógún.

Ẹ má fèsì tí ẹ ò bá lè fèsì. Ó tọ́ sí mi.

Armelle


Kerlavin, ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá, 1966

Armelle ọmọ mi,

O kú ìrora ọkàn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni o pa nídìí tábìlì yẹn. Ẹni tó ti parọ́ tó bí mo ṣe pa á, kì í pẹ́ dá a mọ̀ lójú ẹlòmíràn.

Mi ò ní bú ọ. Gbọ́ tèmi náà. Ní ọdún 1958, o bi mí bóyá ó kọ̀wé sí ọ, mo ní kò kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀wé. Èyí àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ ìbí rẹ, nígbà tó o pé ọdún mẹ́tàlá, rìbọ́ọ̀nù kan wà nínú rẹ̀ fún irun rẹ. Mo jó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òkú kì í kọ̀wé, kí ni ǹ bá sọ fún ọ? Nígbà tó dé síbí, ọjọ́ kejì ló béèrè. Ó ní, "Ṣé ọmọ náà rí lẹ́tà mi?" Mo ní mo jó wọn. Ó wá ní, "Ìdí nìyẹn tí kò fi wá mi." Kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Nítorí náà, má fi ojú ọ̀daràn wo ara rẹ níwájú mi. Ìwọ kò ṣí lẹ́tà fún ogún ọjọ́. Èmi kò jẹ́ kí o ṣí tìrẹ fún ogún ọdún.

Fadá ló sin ín. Ó ní ti mísà mẹ́rìndínlógún tí òun ti ṣe ṣáájú, Ọlọ́run á ti mọ ibi tí Ó kó wọn sí. Gbogbo abúlé ló wá. Le Pennec gbé pósí.

Bàbá rẹ,
Donatien


Paris, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, 1967

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́ ẹrẹ̀. Mo ka lẹ́tà yín, mo rin ìrìn púpọ̀ lẹ́bàá odò lọ́jọ́ yẹn, mo bínú sí yín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti lọ báyìí. Mo mọ bí ó ṣe máa ń ṣe èèyàn tó bá gbé lẹ́tà dé ẹnu iná.

Fíìmù Corsica jáde, ó sì kùnà. Wọ́n ní ó tutù bí òkúta. Ọkùnrin tó ń náwó sí iṣẹ́ mi pè mí, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó ti gbọ́ nípa Màmá àti àwọn lẹ́tà náà, bóyá lẹ́nu àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ ní Corsica. Ó ní, "Macé, ìyẹn ni fíìmù rẹ. Ìyá tó jí dìde, ọmọ tí kò ṣí lẹ́tà. Kọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta, mo máa fún ọ ní gbogbo ohun tó o bá fẹ́." Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín, kó tó sọ̀rọ̀ tán mo ti rí ibi tí mo máa gbé kámẹ́rà sí lórí bèbè. Ojú mi ti bàjẹ́ báyẹn. Mo ní rárá. Ó ní tí mo bá kọ̀ láti ṣe èyí, kò sí ẹlòmíràn ní Paris tó máa gbé iṣẹ́ fún mi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Mo ti padà sí yàrá tí a ti ń gé fíìmù, mò ń gé tàwọn ẹlòmíràn. Àwọn ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ń pè mí ní Ìyá Àgbà.

Ohun kan ni mò ń tọrọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀ ló lò lọ́dọ̀ yín. Ẹ sọ ohun tó sọ nípa mi fún mi. Mi ò ní kọ ọ́ sínú ohunkóhun. Ẹ ò ní ìdí kankan láti gbà mí gbọ́.

Armelle yín


Kerlavin, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejì, 1967

Armelle ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o. Mo gbà ọ́ gbọ́.

Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò lágbára rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra ni òun wo fíìmù rẹ ní Bordeaux, pé nígbà kejì òun di ojú, òun kàn ń gbọ́ ọ, nítorí pé bí oníbúrẹ́dì yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀, bí èmi ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Ó bi mí bóyá irun rẹ ṣì ń ba kóòmù jà. Ó bi mí bóyá o ní ọkùnrin, mo ní mi ò mọ̀. Ó bi mí irú oúnjẹ tó o fẹ́ràn báyìí, mo ní mi ò mọ ìyẹn náà. Ó ní, "Donatien, kí lo wá mọ̀?" Mo ní mo mọ̀ pé ó mọ ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn kọ. Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn. Ó ní ọ̀dọ̀ òun lo ti mú un, pé èmi ò mọ ìtàn sọ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú tó kẹ́yìn, mo ti lọ fi tẹligíráàmù ránṣẹ́, mo wá dúró lójú títì títí ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà fi kọjá. Kò dúró. Bí mo ṣe wọlé, ó ní, "Ṣé ọmọ náà ti fèsì?" Mo wo ọwọ́ ara mi. Mo ní, "Ó ti fèsì. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin, á dé lọ́la." Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ní kí Bertille ya òun nírun, kó wọ ẹ̀wù búlúù tó wà nínú báàgì òun fún òun, kí wọ́n yí àga òun sí ẹnu ọ̀nà. Ó bi Bertille bóyá ojú òun le jù, kó má baà dẹ́rù bà ọ́. Bertille ní ó dára.

Ọjọ́bọ̀ ló kú, ní òwúrọ̀, lórí àga yẹn.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi parọ́ nípa rẹ̀ fún ayé. Irọ́ kan ṣoṣo yìí ni mo pa fún òun fúnra rẹ̀. Fadá ní kí n wá jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ọdún Àjíǹde tó dé. Mi ò tíì lọ. Ó ní ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ kábàámọ̀, mi ò sì tíì lè sọ pé mo kábàámọ̀ rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Donatien